Nígbà Tí Gbogbo Ọ̀rọ̀ Ń Gba Ore Kọjá

Títí di òní, bí òórùn epo dísẹ̀lì bá dà pọ̀ mọ́ òórùn igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, Ore ni ọkàn mi máa ń lọ. Ẹ̀yìn gáréèjì ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Èkó bọ̀ ti máa ń dúró fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, tí àwọn obìnrin sì ń fẹ́ná sí bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. Èéfín bọ̀ọ̀lì á gba ojú fèrèsé wọlé, á wá bá èmi àti bọ́ọ̀dù tẹlifóònù mi nínú yàrá kékeré tí a wà. Bọ́ọ̀dù náà ga tó àyà mi. Ihò wẹ́wẹ́ ló wà lójú rẹ̀, ìdérí bàbà kékeré sì wà lókè ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá yí ọwọ́ fóònù tirẹ̀, ìdérí rẹ̀ á já wálẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù mi, agogo á dún, èmi á ki okùn bọ ihò náà, n ó sì béèrè ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ lọ.

Ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́ wa. Olú ọ́fíìsì wà ní Ore, ibi tí a ti ń la pákó wà ní Odigbo, ẹ̀rọ tó ń fún epo pupa sì wà ní Ajue, láàárín oko ọ̀pẹ tó lọ salalu. Bọ́ọ̀dù wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò gbọ́ ohùn èkejì. Ẹni tó wà ní Ajue lè fi tirẹ̀ pe akọ̀wé tó wà ní òdì kejì àgbàlá. Bó bá jẹ́ Odigbo ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àfi kó wá mọ́tò. Nígbà tí nǹkan ṣì rọrùn, kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí ìṣòro. Awakọ̀ á gbé iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, á lọ, á bọ̀. Àmọ́ ìwọ náà rántí bí ìgbà yẹn ṣe wá dà. Àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba. À ń tò nítorí ṣúgà, à ń tò nítorí ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ilé-iṣẹ́ ń dákú lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé ohun tí wọ́n máa fi tún wọn ṣe kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní kí ẹnjinníà wa wá bí yóò ṣe so bọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ẹnjinníà yìí, ará Ìjẹ̀bú, tí ṣọ́ọ̀kì kì í wọ́n nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ìka rẹ̀ sì máa ń funfun nígbà gbogbo bíi ti olùkọ́. Ó wá bá mi ní yàrá bọ́ọ̀dù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí.

"Àbúrò," ó ní, "ta ló máa ń wá ta?"

"Báwo ni, sà?"

"Bí wáyà bá wà láàárín wọn, ta ni yóò máa pe ta?"

Mo rò ó díẹ̀. Mo sọ fún un pé Ajue àti Odigbo ni yóò máa pe ara wọn jù. Odigbo ni dìsípẹ́ńsárì kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ ní wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń tún ẹ̀rọ Ajue ṣe ń gbé. Ní ti Ore, ká pàṣẹ ni tiwa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun náà rò nìyẹn. Ló bá kúnlẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrí mẹ́ta sórí sìmẹ́ńtì. Ó fa ìlà láti Ore dé Odigbo, ó fa òmíràn láti Ore dé Ajue, lẹ́yìn náà ló wá so Ajue àti Odigbo pọ̀ tààrà. Ó ní bí ọ̀kan bá já nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ á fi ẹ̀yìn yípo títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. N kò tíì rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, pé ènìyàn lè jókòó sílẹ̀ ronú ọ̀nà tí ohùn yóò gbà kí ohùn náà tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Kò sí wáyà tuntun níbikíbi. Àgọ́ agégi tí ilé-iṣẹ́ ti tì pa ní Omifunfun la lọ tú, a ká wáyà ibẹ̀ bí ẹní ká okùn aṣọ, a sì rìn gbogbo ọ̀nà tí òpó máa gbà. Ẹnjinníà ń rìn níwájú, àwọn òṣìṣẹ́ onípákó ń tẹ̀ lé e, èmi náà ń fa ìdí aṣọ mi kúrò nínú ẹrẹ̀ pupa lẹ́yìn. Nínú oko kòkó, àwọn àlejò tó ń dáko níbẹ̀ á jáde wá kí wa, wọ́n á béèrè bóyá iná mànàmáná ni à ń mú bọ̀. Bàbá kan ní ká gbé òpó wa síbi tó wù wá, ṣùgbọ́n bí igi kòkó òun kan bá wó, òun á ké òpó náà dáná. Ẹnjinníà dọ̀bálẹ̀ fún un, ìlà wa sì yà fún kòkó bàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Ajue nígbà náà, nídìí ẹ̀rọ epo. Òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Odigbo ni wọ́n bí wa sí, Ìkálẹ̀ sì ni à ń bá ara wa sọ. Ọjọ́ tó rí wa níbi tí a ti ń wọn ilẹ̀, ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó wo òkè bí ẹni pé wáyà ti wà níbẹ̀.

"Ṣé n ó máa gbọ́ ohùn rẹ láràárọ̀ báyìí?"

"Ẹ ó máa gbọ́ ọ títí yóò fi sú yín," mo dá a lóhùn.

A kò tíì gbin òpó tán tí ìjọba fi yọ ọ̀gá àgbà wa, tí wọ́n sì fi ṣọ́jà kan tó jẹ́ méjọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, láti apá Kwara, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ṣùgbọ́n Ìkálẹ̀ kò yé e rárá. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ojú rẹ̀ á dì, á máa wò láti ẹnu dé ẹnu bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa sì ti gbọ́ ìdí tí wọ́n fi gbé e wá: wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Orúkọ ta ni yóò jáde, ìyẹn ni kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo ọ́fíìsì débi pé ẹni tó bá fẹ́ húkọ́ á kọ́kọ́ wẹ̀yìn.

Ó pe ẹnjinníà pé kó wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Èmi náà bá a lọ. Méjọ̀ tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà.

"Ẹni tó wà ní Ajue, bó bá fẹ́ bá Odigbo sọ̀rọ̀, ibo ni yóò gbà?"

"Tààrà ni, sà."

"Ta ni yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

Ẹnjinníà wò mí, ó tún wo méjọ̀. "Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni, sà."

Méjọ̀ fi àtàǹpàkò ra ìlà yẹn bí ẹni tó fẹ́ nu eruku. "Yọ èyí kúrò. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni yóò gba Ore kọjá. Kí ẹ sì fa wáyà kan wá sórí tábìlì mi níbí, kí n lè máa gbọ́."

"Sà, ẹ̀yìn Odigbo gan-an ni wáyà Ajue máa gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ á kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń wá, á dé Ore, á tún padà lọ bá a. Bọ́ílà tó ń fi ooru gbígbóná ṣiṣẹ́ sì wà ní Ajue, sà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí Ore sì dákẹ́, ta ni wọ́n máa ké sí?"

"Ore kò ní dákẹ́."

"Kò sóhun tí kì í dákẹ́, sà."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ń ṣàyà gbàǹgbà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń sọ lójú tirẹ̀. Méjọ̀ ká àwòrán náà, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó ní ká máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti ojú fèrèsé yàrá bọ́ọ̀dù, mo rí ṣọ́jà tí wọ́n ń mú ẹnjinníà lọ sínú ọkọ̀. Wọn kò lù ú, wọn kò sì pariwo. Ọ̀kan dì í lápá mú bí ẹni tó ń mú afọ́jú sọdá títì. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó rí mi, ó mi orí fún mi díẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ó ń dágbére ni àbí ó ń ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní ó ń dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Àkúrẹ́ ni wọ́n gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà ni méjọ̀ ránṣẹ́ pè mí.

"Wọ́n ní ìwọ lo mọ iṣẹ́ yẹn tẹ̀ lé e."

"Díẹ̀ ni mo mọ̀, sà."

"Ìwọ ni kí o parí rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. O gbọ́ Ìkálẹ̀, àbí?"

"Èdè ilé wa ni, sà."

"Ó dáa. Ìwọ ni yóò máa túmọ̀ fún mi. Àwọn kan fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà lára wọn." Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. "Ìdí nìyẹn tí mo fi yàn ọ́. Bí o bá fi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ fún mi, n ó mọ̀."

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Kí ni ènìyàn tún lè sọ fún ṣọ́jà nígbà yẹn? Nígbà tí a ṣíwọ́ iṣẹ́, Odigbo ni mo gbà lọ tààrà, mo lọ bá ìyá wa níbi tó ti ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé. Mo rò fún un. Ó ń ro gàrí lọ títí mo fi sọ tán, ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín.

"Má purọ́ fún un," ó ní. "Á mọ̀, á sì ṣe ọ́ ní ibi. Má sì ta ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Báwo ni n ó ṣe ṣe méjèèjì, Ìyá?"

"Èmi kò mọ tẹlifóònù."

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, bẹ́ẹ̀ ni omi ń bọ́ lójú mi.

Èmi àti àwọn onípákó parí iṣẹ́ náà bó ṣe pàṣẹ. Wáyà Ajue gba ẹ̀yìn Odigbo kọjá láìdúró, ó wá sínú bọ́ọ̀dù mi. Ti Odigbo náà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Okùn kẹta jáde láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó lọ sórí tábìlì méjọ̀. Ìyókù wáyà Omifunfun, èyí tí ẹnjinníà fẹ́ fi so Ajue mọ́ Odigbo, a kó o sí sítọ́ọ̀. Bí méjọ̀ bá gbé fóònù ìgbọ́rọ̀ rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn kékeré kan, tàì, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èékánná ta ife. Èmi nìkan ló mọ ohun tí ìró yẹn jẹ́.

Ohun tí mo ṣe kò pọ̀. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ènìyàn ni. Bí Ajue bá pe Odigbo, kí n tó so wọ́n pọ̀, n ó ní: "Ore nìyí. Mo wà níbí o." Bí mo bá so wọ́n pọ̀ tán, n ó tún sọ ọ́: "Ore ṣì wà níbí." Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè, inú rẹ̀ ń dùn, ohùn rẹ̀ wọlé bíi pé ó wà nínú yàrá. Ó ní òun fẹ́ bá ọ̀rẹ́ òun kan sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Mo gbọ́ tàì. Mo ní, "Ore nìyí, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo wa la wà níbí." Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, dúrọ́ọ̀mù epo ló sọ, bó ṣe ń jò àti bí wọn kò ṣe rí òmíràn.

Méjọ̀ béèrè ìdí tí mo fi ń kí wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, pé ká máa dárúkọ ibi tí a wà. Òótọ́ ni. Lójoojúmọ́ ló ń pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, kí n wá túmọ̀. Mo ń sọ òtítọ́ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá: ẹni tí ibà ń ṣe, ẹni tó ń wá bẹ́líìtì ẹ̀rọ, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àwọn agégi ní kí wọ́n bá òun ra iṣu ní Ajue. Méjọ̀ ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó ní kí n tún un sọ síbẹ̀.

"Kí ni iṣu túmọ̀ sí?"

"Iṣu ni, sà."

Ó lu tábìlì. Ó rò pé à ń fi òun ṣeré. Bí nǹkan ṣe ń bá a lọ nìyẹn: bí kò ṣe gbọ́ nǹkan kan tó, bẹ́ẹ̀ ni ìfura rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ojú rẹ̀ wọnú. N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí gan-an, àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, ọkùnrin tó ń dá jókòó nínú yàrá pẹ̀lú fóònù létí, tó ń gbọ́ èdè tí kò yé e.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n máa dá dúró, ẹnì kan lọ sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ máa da iṣẹ́ sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún mi rí, n kò sì béèrè. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo bá ágádágodo lẹ́nu ọ̀nà yàrá bọ́ọ̀dù, ṣọ́jà kan sì dúró síwájú rẹ̀. Ó fi Píjìnì sọ fún mi pé ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Odigbo pé kí wọ́n ti tibẹ̀ náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ ibi méjèèjì má baà lè kó ara wọn jọ. Ní ti Ajue, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, wọn kò tíì débẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ibẹ̀ ni mo wà tí agogo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá. Mo dìde, mo yọjú lójú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìdérí Ajue ló ti já.

Ó dún, ó tún dún. Ó yẹ kí o mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí fóònù ìgbà náà kó tó ké lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bó bá ti pẹ́ tí ènìyàn ti wà nídìí bọ́ọ̀dù, á máa gbọ́ ọwọ́ ẹni tó ń pè nínú agogo. Akọ̀wé tí kò kánjú á yí i lẹ́ẹ̀mejì, á dúró. Ẹni tó ń yí ti ọjọ́ yẹn kò sinmi. Ó ń yí i bí ẹni tó ń fa omi sí ilé tó ń jó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn," mo sọ fún ṣọ́jà náà. Ó fi ìbọn dábùú. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó fi ìdí ìbọn tì mí sẹ́yìn, ẹ̀yìn mi lọ kan ògiri. Ni mo bá figbe ta. Mo ń pe méjọ̀, mo ń pè é bí ẹni tí kò ní ìtìjú mọ́, àwọn akọ̀wé ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n tún ń fà sẹ́yìn.

Ó jáde. "Kí ni wàhálà yìí?"

"Ajue ń pè, sà."

"Mo gbọ́ ọ. Wọ́n ń wá àwọn ti Odigbo ni."

"Rárá, sà. Wọn kì í pè báyìí bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ fetí sí i." Agogo náà kò dákẹ́. "Ẹ ṣílẹ̀kùn, sà, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìjà ni wọ́n ń pè fún, kí wọ́n gbé èmi náà lọ bá ẹnjinníà."

N kò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.

Mo ki okùn bọ ihò Ajue. Kí n tó gbé fóònù sí etí, ó ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi sí etí tirẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ohùn kan ń jáde nínú fóònù náà, n kò gbọ́ ohun tó ń wí, mo kàn gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, Ìkálẹ̀ ló sì ń sọ, kíá-kíá-kíá, nítorí pé èmi ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀.

"Kí ló ń sọ?" méjọ̀ béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́, sà."

Kò fún mi. Ó yí fóònù náà díẹ̀ kí etí mi lè dé ibẹ̀, orí wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Sítáàṣì aṣọ rẹ̀ àti òógùn ni mo ń gbóòórùn. Mo ń túmọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bọ̀. Páìpù bọ́ílà ti bẹ́. Ooru gbígbóná ti bo ọkùnrin tó ń dáná bọ́ílà, ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀. Kò sí mọ́tò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ajue. Kí wọ́n bá òun pe Odigbo, kí nọ́ọ̀sì máa bọ̀. Ó ti pẹ́ tí òun ti ń pè, ṣé kò sẹ́nikẹ́ni ní Ore ni?

Méjọ̀ mú ojú kúrò lára bọ́ọ̀dù, ó kọjú sí mi. "Bó bá jẹ́ irọ́ ni o ń pa fún mi—"

"Mi ò purọ́, sà."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ ohun tí yóò ṣe. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sí ẹnì kan ní gbogbo Ore tó gbà gbọ́, ó sì kù dẹ̀dẹ̀ kó fi ẹ̀mí ènìyàn lé ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohùn mi, ó ń béèrè bóyá èmi ni. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ọkùnrin bọ́ílà yẹn kígbe. Igbe yẹn kò nílò kí n túmọ̀ rẹ̀. Méjọ̀ mú fóònù kúrò létí bí ẹni tí nǹkan jó, ó nà án sí mi.

"Pe Odigbo."

Mo yí ọwọ́ bọ́ọ̀dù. Mo dúró. Mo tún yí i. A jọ dúró ti bọ́ọ̀dù, à ń retí, Odigbo kò sì dáhùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ rántí, n kò sì lè sọ ọ́. Òun náà wá rántí.

"Mo ní kí wọ́n ti ibẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pátápátá.

Ló bá sáré jáde. Mo gbọ́ tó ń pe awakọ̀ rẹ̀, mo gbọ́ tí jíìpù ṣáná, tó bú jáde lójú títì. Ó ní kí wọ́n já ágádágodo Odigbo, kí wọ́n gbé nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má dúró níbikíbi títí wọ́n á fi dé Ajue. Ó padà wọlé wá bá mi, kò jókòó. Èmi ṣì wà lórí fóònù. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mọ́tò ti ń bọ̀, pé kí wọ́n máa da omi tútù sí ọkùnrin náà lára, kí wọ́n má fi epo pa á, bí mo ṣe gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì rí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní, "Má fi mí sílẹ̀ o." Mo ní mi ò ní fi yín sílẹ̀. N kò mọ bí àkókò ṣe gùn tó. A kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Òjò tún bẹ̀rẹ̀ ní Ajue, mo ń gbọ́ ọ lórí páànù wọn nígbà tí oòrùn wà lójú títì Ore. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ fèrè jíìpù nínú fóònù, láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà nítòsí, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ fóònù sílẹ̀ láìdágbére.

Mo yọ okùn. Méjọ̀ ń wo ìdérí bàbà yẹn tó ti padà sókè.

"Wáyà tí ẹnjinníà fẹ́ lò nígbà yẹn," ó ní, "ibo ló wà?"

"Ó wà ní sítọ́ọ̀, sà."

"Ẹ fà á."

Ọkùnrin bọ́ílà kò kú. Ará Òkènè ni, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó pẹ́ ní ọsibítù, ojú rẹ̀ san, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi nígbà tó yá pé ká ní àwọn tètè dé ni, bóyá ọwọ́ yẹn ì bá ṣe é lò. Mo ṣì máa ń rò ó. Wọ́n tú ẹnjinníà sílẹ̀, wọn kò bá a ṣẹjọ́, wọn kò sì sọ ohun tó ṣe fún un. Ó dé pẹ̀lú irùngbọ̀n, ó rù sí i, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òpó ẹ̀gbẹ́ odò kò tíì wó. Má rò pé méjọ̀ di ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n dá dúró bí wọ́n ṣe fẹ́ kà á tẹ́lẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ bàbá wa ló padà sí, ó sì fi kòkó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé méjọ̀ náà lọ síbòmíràn. Àmọ́ ó yọ fóònù ìgbọ́rọ̀ yẹn kúrò lórí tábìlì rẹ̀ kó tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló tú u.

Láti ìgbà náà, mo ti ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀. Mo ti jókòó níbi tí àwọn ọmọ tí mo lè bí ti ń ya irú òbìrí bẹ́ẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe máa so ọ́fíìsì kan mọ́ òmíràn láti ìlú dé ìlú. Ẹnì kan kò ní ṣàì sọ pé kí gbogbo rẹ̀ gba ojú kan kọjá, ó máa rọrùn láti máa bójú tó. Ó sì lè rọrùn lóòótọ́. Àmọ́ n ó béèrè ta ló fẹ́ jókòó sójú kan yẹn, àti ohun tó fẹ́ gbọ́. Wọ́n máa ń rò pé àgbà ló ń dà mí láàmú. Agogo tó ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì ni mo ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo máa ń rántí jù ni ọjọ́ tí ẹnjinníà so Ajue mọ́ Odigbo tààrà. Wọn kò tíì dá ẹ̀gbọ́n mi dúró nígbà náà. Ẹnjinníà ti sọ fún mi kó tó jáde láàárọ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá yọrí, mi ò ní mọ̀. Mo jókòó ti bọ́ọ̀dù mi. Ìdérí kankan kò já. Agogo kò dún. Àwọn obìnrin ń yan bọ̀ọ̀lì wọn níta, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, yàrá mi sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọjọ́ ti ń lọ nígbà tí ẹnjinníà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó wọlé, tí ẹrẹ̀ kún ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

"Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀, sà?"

"Wọ́n sọ̀rọ̀ títí."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló mọ̀?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo yíjú padà sí bọ́ọ̀dù mi, inú mi sì dùn pé n kò mọ̀.